Ìdọ́gba Kọ́ ni Ìdúródéédéé: Ìwúwo àti Ibùdó Rẹ̀ lára Ọkọ̀ Agunpáta Kékeré

1. Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ méjì wà tí ó rọrùn fún atúmọ̀ èdè láti lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nígbà tí ó bá ń kọ nípa ohun tí ó dúró láìṣubú. Èkíní ni "ìdọ́gba", èkejì sì ni "ìdúródéédéé". Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, àdàlù yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ̀ físíìsì, ó lè ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, kí ó máa rò pé ohun tí ìwúwo rẹ̀ bá dọ́gba níwájú àti lẹ́yìn ni kò ní í ṣubú. Àpilẹ̀kọ yìí fi ọkọ̀ agunpáta kékeré tí wọ́n ń fi rédíò darí ṣe àpẹẹrẹ láti fi ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì hàn. Ó sì dábàá ọ̀rọ̀ mìíràn díẹ̀ tí olùkọ́ lè lò nínú kíláàsì.

2. Irú ọkọ̀ tí ó jẹ́

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wíwa ọkọ̀ gun orí àpáta jẹ́ eré ìdárayá tí ó gbajúmọ̀ ní irú ibi bí i Moab ní ìpínlẹ̀ Utah, àti ní ọ̀nà Rubicon tí ó gba òkè Sierra Nevada kọjá ní ìpínlẹ̀ California. Kì í ṣe eré àsápajúdé. Ẹni tí ó bá rọra gun àpáta láìyí ọkọ̀ rẹ̀ dànù ni ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ̀ kékeré tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé jẹ́ àwòkọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, èyí tí ó sì wọ́pọ̀ gan-an ni èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ọkọ̀ gidi. Bátìrì ni ó ń fún un lágbára, ẹ̀rọ oníná ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni tí ń darí rẹ̀ a sì dúró lókèèrè. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé jẹ́jẹ́ ni ó ń rìn, kò lè fi eré sísá kọjá ibi tí ó nira. Ibi tí wọ́n bá fi ìwúwo rẹ̀ sí ni yóò sọ bóyá yóò gun òkè náà tàbí yóò takìtì sẹ́yìn.

3. Ibùdó ìwúwo àti àyè ìtẹ̀sẹ̀

Gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀ ni ó ní ìwúwo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kan wà tí ènìyàn lè kà sí ibi tí gbogbo ìwúwo náà parapọ̀ sí. Ojú yìí ni àpilẹ̀kọ yìí pè ní "ibùdó ìwúwo". Ilẹ̀ tí ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí táyà ti tẹ ilẹ̀ yí ká ni ó pè ní "àyè ìtẹ̀sẹ̀". Bí ènìyàn bá fa ìlà láti ibùdó ìwúwo sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán, gẹ́gẹ́ bí okùn tí bíríkìlà so irin mọ́ nídìí láti fi wo ògiri, tí ìlà náà sì bọ́ sínú àyè ìtẹ̀sẹ̀, ọkọ̀ yóò dúró. Bí ìlà náà bá bọ́ síta, ọkọ̀ yóò yí dànù. Ohun tí ìdúródéédéé jẹ́ nìyẹn. Kò béèrè pé kí apá kan dọ́gba pẹ̀lú apá kejì.

Ẹni tí ń ti ọmọlanke mọ̀ ọ́n láìkàwé. Bí ẹrù bá pọ̀ jù síwájú ẹsẹ̀ ọmọlanke, ibi tí ó dì mú yóò fò sókè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

4. Bí òkè ṣe ń pín ẹrù

Ọkọ̀ kan nìyí: 300 mìlímítà ni ó wà láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ibùdó ìwúwo rẹ̀ sì fi 100 mìlímítà ga ju ilẹ̀ lọ. Bí ìwúwo rẹ̀ bá dọ́gba, ibùdó náà yóò wà ní 150 mìlímítà síwájú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo náà bá wà níwájú, ibùdó yóò wà ní 180 mìlímítà.

Kí ọkọ̀ náà wá kọjú sí òkè tí ó dà ní igun 45 dìgírì. Ẹrù tí ẹsẹ̀ iwájú ń gbé yóò dín kù. Nínú ètò èkíní, yóò sọ̀ kalẹ̀ láti ìdá 50 sí nǹkan bí ìdá 17 nínú 100. Nínú ètò èkejì, láti ìdá 60 sí nǹkan bí ìdá 27. Táyà tí ẹrù kò bá tẹ̀ dáadáa kò lè di ilẹ̀ mú, nítorí náà ni ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ èkíní yóò ṣe máa yí lásán. Bí òkè bá tún ń ga sí i, ọkọ̀ tí ìwúwo rẹ̀ dọ́gba yóò takìtì ní nǹkan bí igun 56 dìgírì, èkejì yóò sì fara dà á títí dé nǹkan bí 61.

Ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ra níhìn-ín. Ibùdó ìwúwo kò kúrò lójú kan lára ọkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè. Ìpín ẹrù láàárín ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó yí padà. Ẹni tí ó bá sọ pé "ìwúwo ti sún sẹ́yìn" ti da ohun méjì pọ̀.

Gbígbé ìwúwo síwájú kò ṣàìní ewu tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú ni ó wà nísàlẹ̀. Ọkọ̀ èkejì yóò dorí kodò ní nǹkan bí 50 dìgírì, nígbà tí èkíní yóò dúró títí dé 56. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ ibùdó ìwúwo ọkọ̀ èkíní kalẹ̀ sí 80 mìlímítà, yóò dé nǹkan bí 62 dìgírì ní gígùn òkè àti ní sísọ̀ kalẹ̀. Bí 200 mìlímítà bá sì wà láàárín táyà ọ̀tún àti ti òsì, igun tí yóò fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò kúrò ní 45 bọ́ sí nǹkan bí 51. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ wá bí ìwúwo yóò ṣe sún mọ́ ilẹ̀, kí ó tó wá bí yóò ṣe lọ síwájú.

Ìṣirò yìí ka ọkọ̀ sí ohun tí ó dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ń rìn, sípíríǹgì ẹ̀yìn a máa wọlẹ̀, agbára tí ń yí ẹsẹ̀ a sì máa gbé iwájú sókè. Nítorí náà, ọkọ̀ a máa takìtì kí ó tó dé igun tí ìṣirò fi hàn.

5. Ibi tí ìwúwo yẹ sí

Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí a máa fi idẹ sára ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ méjì pọ̀, tàbí sínú ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ sípíríǹgì ni ibẹ̀ wà. Wọ́n a gbé bátìrì sísàlẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ iwájú. Wọ́n a sì fi ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe eèpo ọkọ̀.

Òrùlé ni ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí ọkọ̀ kan bá wọn 2,400 gíráàmù, tí ibùdó ìwúwo rẹ̀ sì wà ní 100 mìlímítà, 100 gíráàmù ẹrù ọ̀ṣọ́ tí wọ́n gbé sórí òrùlé, ní 250 mìlímítà sókè, yóò gbé ibùdó náà dé 106. Kí ó tó lè padà sí 100, àfi kí wọ́n fi 300 gíráàmù idẹ kún un ní 50 mìlímítà sókè ilẹ̀. Ìwúwo tí wọ́n fi kún un yìí yóò sì máa ni ẹ̀rọ àti eyín jíà lára. Ó sàn kí ènìyàn yọ ohun tí ó wà lókè ju kí ó máa fi kún ti ìsàlẹ̀ lọ.

6. Ìdánwò fún kíláàsì

Òṣùwọ̀n ilé ìdáná méjì tí wọ́n ga bákan náà ti tó. Kí olùkọ́ gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ọ̀kan, kí ó gbé ti ẹ̀yìn lé èkejì. Bí iwájú bá fi 1,500 gíráàmù hàn, tí ẹ̀yìn fi 1,000 hàn, ìdá 60 nínú 100 ni ó wà níwájú. Lẹ́yìn èyí, kí ó gbé ọkọ̀ sórí pátákó, kí ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kí ó má baà yí, kí ó sì rọra gbé orí pátákó sókè títí ẹsẹ̀ iwájú yóò fi gbéra. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan na ọwọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láti gbà á. Bí ó bá fi tanjẹ́ǹtì igun náà pín ìwọ̀n tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ibùdó ìwúwo, yóò mọ bí ibùdó náà ti ga tó.

7. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí dábàá

Ibùdó ìwúwo: ojú kan tí gbogbo ìwúwo ohun kan parapọ̀ sí.
Àyè ìtẹ̀sẹ̀: ilẹ̀ tí àwọn ibi tí ohun kan ti tẹ ilẹ̀ yí ká.
Ìpín ẹrù: iye ìwúwo tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbé ní ipò kan.
Ìdìmọ́lẹ̀: dídì tí táyà di ilẹ̀ mú láìyọ̀.
Ìdúródéédéé: ipò ohun tí ìlà ìwúwo rẹ̀ bọ́ sínú àyè ìtẹ̀sẹ̀.
Ìdọ́gba: kí iye kan má ju èkejì lọ.

Bí ọ̀rọ̀ méjì tí ó gbẹ̀yìn wọ̀nyí bá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í ṣòpò wá ìdọ́gba níbi tí ìdúródéédéé ni ó ń fẹ́.