Òfin ti tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá onísìmẹ́ńtì ńkọ́?

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn Kristi lóòótọ́, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lórí státọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀. Ẹ má bi pásítọ̀ rẹ̀ pàápàá. Ẹ lọ bi télọ̀ tó ń ránṣọ fún un, mẹkáníìkì tó ń tún mọ́tò rẹ̀ ṣe, ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé, àti ẹni tó ta ọjà àwìn fún un. Ìmọ̀ òfin ni mo kọ́ ní yunifásítì. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ wá ẹlẹ́rìí, àwọn wọ̀nyẹn ni màá kọ́kọ́ pè.

Orúkọ tí à ń pe àwọn tó ń tẹ̀lé Jésù ní èdè wa gan-an ti sọ ìdí rẹ̀. Nínú Bíbélì Yorùbá, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kó ipa ńlá nínú títúmọ̀ rẹ̀, wọn ò pè wọ́n ní olùgbọ́. Ọmọ ẹ̀yìn ni wọ́n pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó wà lẹ́yìn ẹlòmíì, tó ń wo ibi tí ẹni iwájú ń gbẹ́sẹ̀ lé. Nígboro tiwa níbí, ẹni tó jọ ọ́ jù ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń di télọ̀ nítorí pé ó ń gbọ́ ìwàásù nípa abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á gbálẹ̀, á lọ aṣọ, á tú ojú rírán tí kò dáa, á sì máa wo ọwọ́ ọ̀gá rẹ̀ títí ọwọ́ tiẹ̀ náà á fi mọ ọ̀nà. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba fìrídọ̀ọ̀mù, wọn ò ní bi í léèrè iye ìgbà tó wá sí ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tó rán ni wọ́n máa wò.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn yìí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fẹ́ kọ́. Òun ni dídá ohun olóhun padà.

Ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe tuntun láàárín wa. Ìjọ Deeper Life, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1973 pẹ̀lú èèyàn 15 tó ń ka Bíbélì lọ́dọ̀ Pásítọ̀ Kumuyi, nígbà tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Èkó, kà á mọ́ àwọn ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn 22. Ìjọ Apostolic Faith náà ń kọ́ni bẹ́ẹ̀. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, a máa ń gbọ́ ẹ̀rí ẹni tó gbé irinṣẹ́ tó jí padà sí ibi iṣẹ́, tàbí ẹni tó lọ san owó bọ́ọ̀sì tó fi ọgbọ́n sá fún. Lóde òní, ẹ̀rí owó tó wọlé ni mo sábà ń gbọ́. Ẹ̀rí owó tó jáde ti ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dún tó kọjá, ọkùnrin kan wá bá mi. Ó ti gbà kí n sọ ìtàn yìí, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ òun. Iṣẹ́ kọ́lékọ́lé ló ń ṣe. Lọ́dún 2017, ó ra 100 àpò sìmẹ́ńtì láwìn lọ́wọ́ ìyá kan lẹ́bàá ìlú Èkó, 260,000 náírà lápapọ̀. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un kò sanwó, òun náà kò sì san ti ìyá yìí. Ó pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, ó kó kúrò ládùúgbò. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹnuure fún un. Ó di wọ́kà nínú ìjọ, ó ra mọ́tò. Àfi bó ṣe gba oríta kan kọjá lọ́jọ́ kan tó rí ìyá náà níbi tó ti ń ta omi inú ọ̀rá. Ìyá ò rí i.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wá bi mí: "Lọ́yà, ṣé ó ṣì lè gbé mi lọ sí kóòtù?"

Mo bi í bóyá ó kọ ìwé kankan fún ìyá náà lẹ́yìn ọdún yẹn, tàbí ó san díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní rárá. Mo wá ṣàlàyé fún un pé lábẹ́ òfin ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún mẹ́fà ni ẹni tí wọ́n jẹ lówó nínú irú káràkátà báyìí ní láti fi pe ẹjọ́. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí ìyá sì gbé e lọ sí kóòtù, agbẹjọ́rò rẹ̀ á kàn sọ pé àsìkò ti kọjá ni, adájọ́ á sì da ẹjọ́ náà nù.

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run tóbi!" Ẹ ó rò pé ó ti rí ẹ̀rí jẹ́ lọ́jọ́ Sunday ni. Ṣùgbọ́n kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ ṣeré lọ́wọ́. Ó wá tún béèrè pé, "Ṣé gbèsè yẹn ti kú nìyẹn?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn, òfin fúnra rẹ̀ sì ní ìdáhùn sí i. Fún irú gbèsè yìí, ẹjọ́ ni ọdún mẹ́fà ń pa, kì í pa gbèsè. Ilẹ̀kùn kóòtù ni wọ́n tì mọ́ ẹni tó ni owó, wọn ò gba ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí onígbèsè bá fọwọ́ ara rẹ̀ san án lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò lè yíjú padà lọ́la kó ní kí wọ́n dá a padà fún òun, pé òun ò jẹ ẹ́ mọ́. Ó jẹ ẹ́. Kò kàn sẹ́ni tó lè fipá gbà á ni.

Òfin náà kò burú o. Bí ọdún bá ti gorí ọdún, ẹlẹ́rìí á kú, ikán á jẹ ìwé, ojú á gbàgbé. Kò dáa kí wọ́n máa fi ẹjọ́ ogún ọdún dẹ́rù ba èèyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n lè fipá mú wa ṣe ni òfin ń wò. Ibi tí agbára òfin parí sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn baba wa mọ̀ pé onígbèsè kì í fẹ́ sanwó bí kò bá sí ìnira. Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, ròyìn ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Ẹni tó ni owó á bẹ ológò lọ́wẹ̀, ológò á lọ jókòó sílé onígbèsè, á máa pariwo, á máa pa adìẹ tó bá rí jẹ, títí ará ilé á fi wá owó náà jáde. Tèmi ni pé ẹni tí Ẹ̀mí Mímọ́ ń gbé inú rẹ̀ ní ológò nínú. Tirẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í pa adìẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kì í dìde lọ.

Ẹ wo Sákéù nínú Lúùkù orí 19. Ọ̀gá àwọn agbowó orí ni ní Jẹ́ríkò, ọlọ́rọ̀ ni, ó gun igi kó lè rí Jésù. Jésù ní ilé rẹ̀ lòun máa wọ̀ sí. Kò sí ibì kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Jésù béèrè àkáǹtì lọ́wọ́ rẹ̀. Sákéù fúnra rẹ̀ ló dìde, tó ní òun máa fún àwọn tálákà ní ìdajì ohun tí òun ní, àti pé ẹni tí òun bá rẹ́ jẹ, òun á san án padà ní ìlọ́po mẹ́rin.

Ìlọ́po mẹ́rin yẹn dùn mọ́ èmi tí mo kọ́ òfin nínú gan-an. Nínú Númérì orí 5, ẹni tó bá jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ á dá ohun tó gbà padà, á sì fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e. Nínú Ẹ́kísódù orí 22, àgùntàn mẹ́rin ni olè tó jí àgùntàn kan, tó sì pa á tàbí tó tà á, gbọ́dọ̀ san. Sákéù jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè mú èyí tó rọrùn. Èyí tó le ló mú.

Ọkùnrin tí mò ń sọ náà lọ bá ìyá yẹn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi 260,000 náírà ránṣẹ́ sínú àkáǹtì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá gbàdúrà fún un, ó sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ọmọ mi, àpò mélòó lowó yìí máa rà lónìí?"

Inú bí i. Ó pè mí, ó ní òun ti san gbogbo gbèsè òun, obìnrin yìí tún ń ṣírò. Mo ní kó jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò náà. Àpò sìmẹ́ńtì tó jẹ́ bíi 2,600 náírà nígbà yẹn ti ń lọ sí 10,000. Ó gbé 100 àpò lọ, àpò 26 ló dá padà. Tó bá fẹ́ dá 100 àpò padà, ìlọ́po mẹ́rin owó àtijọ́ ló máa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Ó dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Lọ́yà, Sákéù nìyẹn."

Oṣù mẹ́sàn-án ló fi san ìyókù, díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà kò padà di onísìmẹ́ńtì, nítorí ọdún mẹ́jọ tó lọ kì í padà. Fìríísà ló rà, ó fi ẹlẹ́rìndòdò kún omi tó ń tà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ: ṣebí ẹ̀jẹ̀ Jésù ti san gbogbo gbèsè? Ó ti san èyí tá a jẹ Ọlọ́run. Kò sanwó sìmẹ́ńtì ìyá oníyàá. Pọ́ọ̀lù ló wàásù oore-ọ̀fẹ́ jù, àmọ́ ẹ ka lẹ́tà rẹ̀ sí Fílémónì nípa Onésímù, ẹrú tó kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, tó sì wá di onígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù ò sọ fún Fílémónì pé kó gbàgbé owó rẹ̀ nítorí pé Onésímù ti di àtúnbí. Ohun tó sọ ni pé bí ó bá jẹ ẹ́ ní ohunkóhun, kó kà á sí òun lọ́rùn, òun á san án. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ọ́. Nílé ẹjọ́, onídùúró là ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Sákéù náà kò fi owó ra ìgbàlà. Jésù ti ní òun ń bọ̀ nílé rẹ̀ kó tó mẹ́nu kan owó. Nítorí pé àlejò ti wọlé ló ṣe tún ilé ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò pin sórí sìmẹ́ńtì. Onílé tó gba owó káṣọ̀n, tí ayálégbé kó jáde láì fọ́ nǹkan kan, tí onílé sì ń sọ "wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" láti ọdún kan: òfin ilé yíyá Èkó ti ọdún 2011 ti ní kó fún ayálégbé ní rìsíìtì lọ́tọ̀ fún irú owó bẹ́ẹ̀, kó sì máa ṣírò rẹ̀ fún un lórí ìwé, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ṣé ó yẹ kó jẹ́ òfin ló máa kọ́ díákónì níyẹn? Ẹni tí owó olówó ṣèèṣì wọ àkáǹtì rẹ̀, tó yára gbé e sí àkáǹtì mìíràn, tó ní Ọlọ́run ló bùkún òun. Ọ̀gá tó mú owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dání, tó sì ń fi ṣe ìdáwó ilé ìjọsìn. Jákọ́bù orí 5 sọ ọ́ pé owó iṣẹ́ tí wọ́n há mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ń ké, igbe rẹ̀ sì ń dé etí Ọlọ́run. Àwọn ìjọ náà ńkọ́, tí wọ́n jẹ oníkánópì àti onísípíkà lówó lẹ́yìn ìsọjí? Jésù fúnra rẹ̀ ní kí ẹni tó bá rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun fi ẹ̀bùn rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́. Ọrẹ lè dúró.

Mo mọ̀ pé kò sówó nílùú. Àwọn kan ń kà mí báyìí tí wọn ò ní 5,000 náírà nínú àkáǹtì, mi ò sì ní kí wọ́n lọ yá owó lórí ápù kí wọ́n fi san gbèsè àtijọ́. Ẹni tí kò ní lè bẹ̀bẹ̀, ó lè san án díẹ̀díẹ̀, ó lè bá olówó ṣiṣẹ́. Ohun tí kò dáa ni kó máa fi fóònù pa mọ́ fún un. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó náà lè yàn láti dárí jì, ṣùgbọ́n òun ni ẹ̀tọ́ yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Onígbèsè ò lè bá a dárí ji ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí ọjọ́ Sunday tó dé, ẹ ṣí fóònù yín. Ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ ti bulọ́ọ̀kù. Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò ṣẹ̀ yín, owó rẹ̀ nìkan ló ń béèrè. Ẹ ṣí i padà, kẹ́ ẹ pè é. Bí owó ò bá tiẹ̀ tíì pé, ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé ẹ ò gbàgbé.