Bí Desktop Yín Bá Ṣófo, Ẹ Má Tíì Bẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wọ orí server tí a ń lò láti ilé. Mo bá Desktop mi lófìfo. Mo rò pé ẹnìkan ló tún un ṣe. Mo fi wákàtí 4 ṣe ìdàkọ ohùn ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ nínú ELAN, mo fi í pamọ́ síbẹ̀, mo sáìn áòtù. Nígbà tí mo padà dé, kò sí mọ́.

Lórí Windows, olúkúlùkù ló ní fódà tirẹ̀ lábẹ́ C:\Users. Inú rẹ̀ ni Desktop àti Documents wà. Bí Windows kò bá rí fódà yẹn ṣí, bóyá torí pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú registry ti dàrú, kì í sábà lé yín padà. Fódà onígbà díẹ̀ ló máa fún yín, TEMP ló sì sábà máa ń jẹ́. Bí ẹ bá ti sáìn áòtù, á pa á rẹ́ tòun ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìkìlọ̀ kékeré kan máa ń yọjú. Èmi ti pa á dé kí n tó kà á.

Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ echo %USERPROFILE%. Bí ìdáhùn bá parí sí TEMP, ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ ti ṣiṣẹ́ kí ẹ tó mọ̀, ẹ má sáìn áòtù o! Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín lọ sórí Google Drive, kí ẹ wá pe alábòójútó server kó tún àkọsílẹ̀ náà ṣe.

Àwọn fáìlì mi àtijọ́ wà ní fódà wọn, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìdàkọ wákàtí 4 yẹn ni mo tún jókòó tì.