Èébì Oyún Tí Kò Lọ Lẹ́yìn Oṣù Kẹta: Ohun Tó Ń Fà Á àti Ìtọ́jú Rẹ̀

1. Ìfáárà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni èébì àti inú rírìn tó máa ń bá aláboyún fínra, pàápàá èyí tó bá kọjá oṣù kẹta. Èdè Gẹ̀ẹ́sì so orúkọ àìsàn yìí mọ́ àárọ̀. Orúkọ náà ń ṣi ni lọ́nà, nítorí ọ̀sán àti òru kò yọ sílẹ̀. Ní ti Yorùbá, ohun tó ń ṣe obìnrin náà gan-an ni a máa ń sọ: 'inú ń rìn ín', 'èébì ń gbé e', 'ó ń tutọ́', 'ó ń bì'. A óò rí i níwájú pé ìyàtọ̀ àárín àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wúlò fún ìtọ́jú.

2. Àkókò àti okùnfà

Èébì oyún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ó máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó sì máa ń rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 sí 16. Ṣùgbọ́n ó máa ń bá àwọn mìíràn dé ọ̀sẹ̀ 20, ó sì lè bá àwọn díẹ̀ dé ìkúnlẹ̀. Ní 2023, ìwádìí tí Marlena Fejzo àti Stephen O'Rahilly wà lára àwọn tó ṣe é fi hàn pé èròjà kan tó ń jẹ́ GDF15, tí ọmọ inú àti ibi ọmọ ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, ń kó ipa pàtàkì níbẹ̀. Obìnrin tí èròjà yìí kéré lára rẹ̀ kí ó tó lóyún ni ó máa ń yọ lẹ́nu jù. Nítorí náà, ẹni tí èébì ń dà láàmú kì í ṣe ọ̀lẹ, kò sì kẹ́ ara rẹ̀ jù.

3. Ìtọ́jú

Kí aláboyún máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lóòrèkóòrè, kí ebi má pa á kanlẹ̀. Kí ó máa fi omi tọ́ ẹnu díẹ̀díẹ̀ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì. Bí òórùn epo gbígbóná bá ń gbé èébì rẹ̀, kí ẹlòmíràn bá a dáná. Atalẹ̀ ń ran àwọn kan lọ́wọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ lè mú kí inú máa rìn ín. Kí ó má dá a dúró fúnra rẹ̀, kí ó sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n lè yí àkókò tàbí irú rẹ̀ padà. Jíjẹ ẹfun tàbí amọ̀ léwu, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀.

Láàárín 1957 sí 1961, wọ́n ta oògùn thalidomide fún aláboyún nítorí èébì, ó sì ba ẹsẹ̀ àti apá àwọn ọmọ tó lé ní 10,000 jẹ́ káàkiri ayé. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kì í ṣe pé kí a sá fún gbogbo oògùn. Àwọn èyí tí a ti dán wò wà, bíi fítámì B6, ṣùgbọ́n dókítà ni kí ó yàn án.

4. Ewu

Gbólóhùn tó léwu jù ni 'oyún ló ń ṣe é'. Bí èébì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ó lè jẹ́ ibà tàbí àrùn ilé ìtọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, bí orí fífọ́ líle, ojú tó ń ṣe bàìbàì tàbí ìrora lábẹ́ ìhà bá bá èébì rìn, ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ti inú oyún. A lè tọ́jú ẹni tí inú ń rìn tàbí tó ń tutọ́ nílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bì tí omi kò dúró nínú rẹ̀ fún odidi ọjọ́ kan, tí ìtọ̀ rẹ̀ kéré tó sì pọ́n, tàbí tí ó ti fọn ju kílò 3 lọ nínú 60, ilé ìwòsàn ló kàn.

5. Àgbálọgbábọ̀

A ti ṣàlàyé pé èébì oyún lè pẹ́ láìjẹ́ ẹ̀bi aláboyún, àti pé a gbọ́dọ̀ bi í léèrè dáadáa kí a tó sọ pé oyún ni. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.