Ìnáwó Ọjà Yín Wà Nínú Ìṣirò Owó-Orí: Ẹ Má Jẹ́ Kó Sọnù

 

Ọ̀rọ̀ owó-orí la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tí ì ṣí ìwé kọjá. A mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dárúkọ owó-orí báyìí, ìdajì ìsọ̀ á ti máa wá ìbòrí tí wọn yóò fi bo ọjà. A ò bá ìjọba gbowó. Ohun tí a rí tó ń dùn wá ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń san ju iye tó yẹ kó san lọ, àwọn mìíràn sì wà tí kò yẹ kí wọ́n san kọ́bọ̀ rárá, nítorí pé owó tí wọ́n ná kí ọjà tó tà kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan.

Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ọjà kì í ṣe èrè. Bí obìnrin kan bá ta ẹja tútù ₦50,000 lónìí, ta ni yóò sọ pé ₦50,000 ló jẹ lérè? Owó ẹja wà níbẹ̀. Owó ọkọ̀, owó alábàárù, owó ọ̀rá, owó iná tàbí epo jẹnẹrétọ̀, gbogbo wọn wà níbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè, orí èyí náà sì ni òfin ti ní kí wọ́n gba owó-orí. Ṣùgbọ́n agbowó-orí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ki owó bọ alábàárù lọ́wọ́. Owó tó wọlé ní báńkì nìkan lojú rẹ̀ tó. Bí ẹ kò bá ní ìwé tí ẹ máa fi hàn án, kí lẹ fẹ́ kó ṣe?

Kì í ṣe òní ni obìnrin ọjà Èkó ti ń bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1940, nígbà tí ìjọba òyìnbó fẹ́ máa gba owó-orí lọ́wọ́ obìnrin tí èrè rẹ̀ lọ́dún bá ju £50 lọ, Alimotu Pelewura tó ń ta ẹja, tó tún jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Obìnrin Ọlọ́jà Èkó, kó àwọn obìnrin jáde. Wọn ò wọlé títí ìjọba fi gbé iye náà lọ sí £200. Ní Abẹ́òkúta náà, láti 1947 títí wọ 1949, ọ̀rọ̀ owó-orí obìnrin ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ rẹ̀ jà lé lórí, tí Aláké fi kúrò lórí oyè fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ iye tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ lérè kí wọ́n tó bù ú ni ìjà Èkó yẹn. Òun náà la ṣì ń sọ títí dòní.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí báyìí. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin owó-orí tuntun ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 2026. Nínú òfin yìí, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún kan, wọn kì í gba nǹkan kan lórí rẹ̀. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lórí ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, náírà 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ lọ, títí dé 25 fún àwọn tó ń jẹ èrè tó ju mílíọ̀nù 50 lọ. (Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti débẹ̀, kó jọ̀wọ́ rántí wa o.) LIRS, ìyẹn ilé-iṣẹ́ agbowó-orí Ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń gba ti àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa.

Ìnáwó wo ni a lè yọ kúrò? Ìnáwó tó bá jẹ́ pé torí òwò nìkan lẹ ṣe ṣe é. Owó ìsọ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, owó ọjà tí ẹ rà náà, owó iná, epo, ọ̀rá, owó ìtúnṣe fíríísà, owó oṣù ọmọ tó ń bá yín tajà, owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà àti ti ìmọ́tótó. Èlé orí owó tí ẹ yá láti fi ṣòwò wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ojú owó tí ẹ ń dá padà kò wọ̀ ọ́, torí owó olówó ni.

Owó ọkọ̀ la fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ owó wa ń gbà lọ ní àdúgbò yìí. Gbogbo ẹni tó ń ra ọjà ní ìhà èbúté Apapa mọ ohun tí tírélà fojú wa rí ní Creek Road ní àwọn ọdún tí wọ́n fi ń tò lọ rẹrẹẹrẹ, kí ètò ìpè tírélà orí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì 2021. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà 2022, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ Apapa, ẹrù tí ọ̀kadà kan ń gbé tẹ́lẹ̀ wá di ti kẹ̀kẹ́ Maruwa àti alábàárù. Gbogbo rẹ̀ ni ìnáwó òwò. Ọjà tó bá sì bàjẹ́ sójú ọ̀nà, owó tí ẹ fi rà á kò jáde nínú ìṣirò yín nítorí pé ẹ kò rí i tà.

Ẹ máa sọ pé, alábàárù wo ló ń já rìsíìtì? Òótọ́ ni. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí ẹ ti gbẹ́rù, ibi tí ẹ gbé e dé àti iye tí ẹ san. Bí owó náà bá pọ̀, ẹ ní kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i tàbí kó tẹ̀ka. Bí ẹ bá sì fi fóònù san án, àkọsílẹ̀ báńkì ti wà nìyẹn. Ìwé tí èèyàn ń kọ lójoojúmọ́, tó dọ̀tí, tí epo ta sí, ó ṣeé gbà gbọ́ ju èyí tí wọ́n fi bírò kan ṣoṣo kọ tán lálẹ́ ọjọ́ kan lọ. Àwọn agbowó-orí náà lójú.

Àwọn nǹkan kan wà tí a máa ń kó mọ́ ọn tí kò tọ́. Owó ilé-ìwé ọmọ kì í ṣe ìnáwó òwò. Aṣọ ẹbí kì í ṣe é, kódà bó jẹ́ pé oníbàárà yín ló ń ṣe òkú. Àjọ tí ẹ ń dá kì í ṣe ìnáwó, owó yín náà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó o, kì í ṣe èrè bákan náà. Ẹja tí ẹ mú relé lọ sebẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kan ni ìsọ̀ àti ilé jọ ń lò, apá ti ìsọ̀ nìkan ni kí ẹ kà. Fíríísà tuntun tàbí ẹ̀rọ ìlọta, kò ṣeé yọ gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n máa yọ ọ́ fún ọdún mélòó kan, torí náà ẹ tọ́jú ìwé tí ẹ fi rà á.

Àwìn wá ńkọ́? Gbèsè tó ti kú pátápátá ṣeé yọ kúrò, bí ẹ bá ti kà á mọ́ ọjà tí ẹ tà tẹ́lẹ̀, tí ẹ sì lè fi hàn pé ẹ sin ín títí kò ṣeé gbà mọ́. Orúkọ onígbèsè, ọjọ́, iye, ọjọ́ tí ẹ lọ bá a, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Èyí tí ẹ kàn ń bú lẹ́nu lásán kò wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe é. A kàn fi ṣe àpẹẹrẹ ni o. Ká ní ìyá ẹlẹ́ja kan ta ₦18,000,000 lọ́dún, tó sì ra ẹja ₦14,900,000. Ó ku ₦3,100,000. Bí kò bá ní ìwé ìnáwó kankan, tí wọ́n bu owó-orí lé gbogbo èyí, ₦348,000 ni yóò san. Ṣùgbọ́n ó san owó ìsọ̀ ₦300,000. Ọkọ̀ àti alábàárù gba ₦480,000. Iná àti epo gba ₦540,000, ọ̀rá gba ₦96,000, ọmọ tó ń bá a tajà gba ₦600,000, tíkẹ́ẹ̀tì àti ìmọ́tótó gba ₦72,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦2,088,000. Èrè rẹ̀ gan-an wá di ₦1,012,000. Yọ ₦800,000 kúrò, ó ku ₦212,000, náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì jẹ́ ₦31,800. Láti ₦348,000 sí ₦31,800! Ìwé kékeré yẹn ló pa ₦316,200 mọ́ sí i lápò.

Kò tíì tán. Bí ìyá yìí bá ń gba ilé gbé, òfin tuntun gbà á láyè láti yọ ìdá márùn-ún owó ilé tó ń san lọ́dún kúrò nínú èrè rẹ̀, bí kò bá ti kọjá ₦500,000. Bó bá ń san ₦400,000, yóò yọ ₦80,000, owó-orí rẹ̀ yóò sì di ₦19,800. Rìsíìtì lọ́wọ́ onílé ni wọn yóò bi í. Ẹ̀yin tí lándílọ́ọ̀dù yín kì í já rìsíìtì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti ìsinsìnyí.

Ẹni tí kò bá ní ìwé, òfin fún agbowó-orí láyè láti fojú bù ú. Bí wọ́n bá fojú bù yín, tí iye náà kò tọ́, ẹ má fa aṣọ ya, ẹ má sì bo ìwé náà mọ́lẹ̀ sábẹ́ àtẹ. Ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ ní láti kọ̀wé sí wọn pé ẹ kò fara mọ́ ọn, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì fi ìṣirò yín tì í. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá kọjá, iye yẹn ti fẹ́ẹ̀ dúró nìyẹn. Ẹni tó ní kí ẹ wá nǹkan fún òun kí òun lè dín in kù, kò lè fún yín ní rìsíìtì, owó tí kò sì ní rìsíìtì kò sí nínú ìṣirò kankan lọ́dún tó ń bọ̀.

Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta lọ́dọọdún ni ọjọ́ tó gbẹ̀yìn tí a gbọ́dọ̀ fi ìṣirò ọdún tó kọjá ránṣẹ́ sí LIRS. Orí ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń gbà á báyìí. Bí ìka yín kò bá mọ ẹ̀rọ, ọmọ ilé á bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, kó má lọ kọ owó ọjà síbi tí wọ́n ti ń béèrè èrè. Kódà bí èrè yín kò bá tó ₦800,000, ẹ fi í ránṣẹ́. Òun lẹ máa fi béèrè ìwé ẹ̀rí owó-orí lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ló kù. Àwọn ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ POS ń pọ̀, oòrùn àti ooru máa ń pa ọ̀rọ̀ ojú wọn rẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ má fi wọ́n sínú àpò ìgbàjá tàbí sórí fíríísà. Ẹ fi fóònù ya wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ gbà wọ́n, kí ẹ sì kó ojúlówó sínú páálí tàbí agolo gbígbẹ, ti ọdún kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí ọdún mẹ́fà ló yẹ kí ẹ fi tọ́jú wọn. Kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń já rìsíìtì fún yín, ẹ rí i pé orúkọ ẹ̀yin gan-an ló kọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ rìsíìtì ìsọ̀ ní Creek Road níbí ló ṣì ń jẹ́ orúkọ ẹni tó ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́.