Àdín, Habbatus Sauda àti Òróró Hóró Mìíràn: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Kí Ẹ Tó Mu Wọ́n

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń bá wa tọ́mọ, ilé tí ìgò àdín kò sí kò pọ̀. Òróró habbatus sauda (hóró dúdú) náà ti gba ọjà kan, àwọn tó ń tà á sì ń sọ pé kò sí àìsàn tí kò lè wò.

Ekùrọ́ là ń yan títí yóò fi dúdú kí àdín tó yọ. Ọ̀pẹ kan náà ló fún wa ní epo pupa, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ohun tó mú epo pupa pọ́n ni ara wa ń sọ di fítámìn A. Àdín kò ní in. Nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 ọ̀rá inú àdín ló jẹ́ irú tó ń mú kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ fi pa ara, ó dára fún awọ gbígbẹ. Ẹ má fi sí ìwọ́ ọmọ tuntun. Ẹ má sì sọ ọ́ di ohun mímu àràárọ̀.

Bí gìrì bá mú ọmọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àdín sí i lẹ́nu. Ọmọ tí gìrì mú kò lè gbé nǹkan mì. Òróró náà lè gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró, kí ọmọ máa mí gúlegúle, kó sì di òtútù àyà. Ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ síná, ẹ má ti ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e bọ̀ ní ilé ìwòsàn kíákíá. Ibà wà lára ohun tó máa ń fa gìrì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka la ó fi mọ̀ bóyá ibà ni, oògùn rẹ̀ sì wà.

Ní ti habbatus sauda, ó lè mú ìfúnpá àti ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà fún ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ: méjèèjì lápapọ̀ lè fà á wálẹ̀ jù, kí òòyì máa kọ́ ọ. Ẹ má torí rẹ̀ pa oògùn yín tì. Bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ tètè sọ fún dókítà pé ẹ ń mu ún. Kí aboyún má mu ún. Kó má mu òróró lárà náà, nítorí ó lè mú ilé ọmọ sún kì. Hóró lárà fúnra rẹ̀, májèlé ni.

Tí ẹ bá ń rà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, kí ẹ sì ka ara ìgò dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń wò wò. Èyí tó bá ti ń rùn kíkan, ẹ dà á nù.

Ìgòkígò tí ẹ bá ń mu, ẹ gbé e dání wá fi han nọ́ọ̀sì. A ò ní bá yín jà.