Ilé Mìíràn Nínú Ilé Ike Àtijọ́

Bí a bá gbé agbádá òfì bàbá tó ti gbó lọ bá aránṣọ pé kó fi rán bùbá fún ọmọdé, kò ní kọ́kọ́ mú àlùmọ́gàjí. Yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò yí inú rẹ̀ síta wo ibi tí oòrùn kò tíì pá, yóò wá ibi tí iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀ ṣì ń dán. Kó tó tú òwú àkọ́kọ́, ó ti rí bùbá náà nínú agbádá.

Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ní Ìlú Ọba fi ń wo ilé kékeré tí a fi ike ṣe. Àwọn tó ń to ojú irin kéékèèké sórí tábìlì ni wọ́n, tí wọ́n ń kọ́ ibùdókọ̀, afárá àti ìgboro sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Airfix, tí Nicholas Kove, ọmọ Hungary, dá sílẹ̀ ní 1939, wà lára àwọn tó sọ irú ilé bẹ́ẹ̀ di ohun tí apá mẹ̀kúnnù ká. Ègé-ègé ló ń wà nínú páálí. Ẹni tó rà á ni yóò fi gúlù tò ó pọ̀. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ nínú wọn ni àwòkọ ilé kan tó wà lẹ́bàá ojú irin ní ìlú Oakham ní Ìlú Ọba. Nínú irú ilé yìí, òṣìṣẹ́ rélùwéè a máa dúró lókè, kó lè rí ọ̀nà dáadáa, kó sì máa fa àwọn ọ̀pá irin tó ń fún ọkọ̀ láyè tàbí tó ń dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ Dapol ló wá ń ṣe é lẹ́yìn Airfix. Ilé yìí pọ̀ lórí tábìlì débi pé ẹni tó bá ti rí i rí yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń mú kí wọ́n fẹ́ yí i padà nìyẹn.

Ká ní ọ́fíìsì oníṣòwò èédú ni a fẹ́ fi ṣe. Láyé ìgbà tí èédú ń bá ọkọ̀ ojú irin dé, irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ọgbà ibùdókọ̀ Ìlú Ọba. Ilé kékeré ni, orí ilẹ̀ ló sì wà. Ìsàlẹ̀ ilé Oakham kò wúlò fún wa nígbà náà. Yàrá òkè nìkan ni a fẹ́.

Bí ẹnì kan bá ti to ilé náà tipẹ́, ibí ni ọ̀nà wa àti ti aránṣọ ti pínyà. Òwú ṣeé tú. Ṣùgbọ́n gúlù yìí ń yọ́ ojú ike ni, tí ègé méjì á fi wọnú ara wọn, wọ́n á di ẹyọ kan. Àwọn mìíràn a gbé ilé náà sínú fírísà di ọjọ́ kejì, nítorí òtútù máa ń jẹ́ kí oríkèé tí gúlù kò mú dáadáa ṣeé ṣẹ́. Bí ó bá kọ̀, ayùn tẹ́ẹ́rẹ́ ló kù.

Wọn kì í fi ipá gé ògiri. Wọ́n á gbé rúlà irin lé e, wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà kan náà léraléra, wọ́n á wá tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ṣẹ́ ní ojú ìlà náà. Àwòkọ pákó tí a tò ní ìbú ni ara ògiri Oakham, nítorí náà, àárín pákó kan sí èkejì ni kí ọ̀bẹ gbà, kí ojú àpá má hàn.

Lójú tèmi, gígé kọ́ ló le jù. Ohun tó le ni kí ilé náà bá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ mu. Kí ni akọ̀wé tó ń gba owó èédú fẹ́ fi gbogbo fèrèsé wọ̀nyẹn ṣe? Ẹ fi ike pẹlẹbẹ dí àwọn tó wà lẹ́yìn, ẹ fi méjì sílẹ̀ níwájú, níbi tí yóò ti máa wo kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ilẹ̀kùn tó wà lórí àtẹ̀gùn tẹ́lẹ̀ ti dé ilẹ̀ báyìí, òkúta kan níwájú rẹ̀ ti tó. Ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ nígbà òtútù yóò dáná, nítorí náà, ojú èéfín gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá fo àwọn nǹkan wọ̀nyí, àwókù ike lásán ni aráyé yóò rí.

Ìwọ̀n náà kò gba àṣìṣe. Ilé Oakham kéré sí ojúlówó ní ìlọ́po 76. Ilẹ̀kùn tó ga ní mítà méjì yóò di mìlímítà 26. Bí a bá yá ilẹ̀kùn lára ilé ike Jámánì, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti ìlọ́po 87, mìlímítà 23 ni yóò jẹ́. Mìlímítà mẹ́ta péré, àmọ́ ojú á rí i pé ènìyàn ní láti tẹrí ba wọlé. (Àwọn tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú inú fíìmù Star Wars ti 1977 lẹ ègé ọkọ̀ ogun oníke mọ́ wọn lára, wọ́n ní òmìnira tí àwa kò ní, torí kò sẹ́ni tó mọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn ibẹ̀.)

Ọ̀dà eérú ni kó kọ́kọ́ kan gbogbo ara ilé, ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ike aláwọ̀ oríṣiríṣi lè di ọ̀kan. Òun náà ni yóò tú àṣírí ibi tí sáńdípépà kò dé. Lẹ́yìn àwọ̀ gan-an, ẹ po dúdú tó ṣàn bí omi, ẹ jẹ́ kó wọ àárín pákó, kí ó sì ṣú díẹ̀ sí i ní ìsàlẹ̀ ògiri, nítorí ẹ̀bú èédú kì í fi ibẹ̀ sílẹ̀.