Ta Ló Ni Òfin? Ààrẹ àti Ilé Aṣòfin ní Bẹ̀nẹ̀

Bí a bá ń gbọ́ ìròyìn Yorùbá lórí rédíò, gbólóhùn kan wà tí kì í pẹ́ jáde: «Ààrẹ ti fọwọ́ sí òfin náà.» Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n ń túmọ̀ ni promulguer. Ìtumọ̀ yìí yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n a rò pé ó ń ṣi àwọn òbí wa lọ́nà. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó fọwọ́ sí nǹkan ló gbà kó rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí. Òfin ìpìlẹ̀ kò fún Ààrẹ ní àṣẹ tó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ wo bí wọ́n ṣe pín àṣẹ láàárín Ààrẹ tó wà ní Kútọnu àti ilé aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́.

Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 ni a dì mú. Ẹ jẹ́ kí á ka abala 57 rẹ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ààrẹ lè gbé àbá òfin wá, aṣòfin náà lè gbé e wá, ilé ló ń dìbò sí i. Bí ilé bá ti fi òfin ránṣẹ́, Ààrẹ ní ọjọ́ 15 láti kéde rẹ̀. Bí ilé bá sọ pé ọ̀ràn náà jẹ́ kánjúkánjú, ọjọ́ 5 ni. Kí ọjọ́ yìí tó pé, ó lè ní kí ilé tún un gbé yẹ̀ wò, ilé kò sì lè kọ̀ fún un. Ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ: ohùn àwọn tó wà níjòkòó nìkan kọ́ ni wọ́n ń kà, ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ọmọ ilé lọ. Bí wọ́n bá tún gbà á wọlé, tí Ààrẹ sì kọ̀ síbẹ̀ ńkọ́? Olórí ilé aṣòfin á gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀. Bí àwọn adájọ́ bá rí i pé kò tako òfin ìpìlẹ̀, wọ́n á sọ pé ó ti di òfin tí gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Ààrẹ kò fọwọ́ sí i, síbẹ̀ òfin ni.

Nítorí náà, «kéde òfin» sàn ju «fọwọ́ sí òfin» lọ lójú tiwa. Ẹni tó ń lu agogo káàkiri ìlú kọ́ ló ni ọ̀rọ̀ tó ń kéde. Lóòótọ́, akéde kankan kì í dá iṣẹ́ padà fún ẹni tó rán an pé kó tún un rò, Ààrẹ sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ náà kò bá a mu tán, ṣùgbọ́n ó bò ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń dà wá láàmú ni pouvoir. Àwọn kan ń pè é ní «agbára», àwa fẹ́ «àṣẹ». Ẹni tó ní ìbọn ní agbára. Àṣẹ ni ohun tí a fi léni lọ́wọ́, tí a sì lè sọ ibi tó mọ. Àwọn Faransé ní kí á «ya» àṣẹ sọ́tọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wo abala 57 yẹn, «pín» ló ṣẹlẹ̀, nítorí òfin kan náà ń gba ọwọ́ àwọn méjèèjì kọjá. Ti owó ìlú tún hàn gbangba jù. Ìjọba ló ń gbé ètò ìṣúná wá, ilé ló ń dìbò sí i. Aṣòfin kò sì lè dá àbá ìnáwó tuntun láìfi ibi tí owó yóò ti wá hàn. Bí ọjọ́ 31 oṣù kejìlá bá pé tí ilé kò tíì sọ tirẹ̀, ìwé 1990 gba ìjọba láàyè láti fi ordonnance mú ètò náà ṣiṣẹ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti fi ilé aṣòfin wé Ọ̀yọ́ Mèsì. Ìfiwéra náà dùn, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀yọ́ Mèsì lè sọ fún Aláàfin pé ìlú kọ̀ ọ́. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé lè pe mínísítà wá bi í léèrè, ṣùgbọ́n kò lè dìbò lé ìjọba lọ. Ààrẹ náà kò sì lè tú ilé ká. Wọ́n jọ ń gbé ni, bí ìyàwó ilé méjì.

Ta ló wá ń làjà? Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ ni. Ènìyàn 7 ni ìwé 1990 fi síbẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé aṣòfin yan 4, Ààrẹ yan 3. Ní ọdún 2006, àwọn aṣòfin dìbò láti fi ọdún kan kún sáà ara wọn, láti 4 sí 5. Ní oṣù keje ọdún náà, ilé ẹjọ́ yìí fagi lé e. Ní oṣù kẹrin ọdún 2017, ó kan Ààrẹ: àbá Patrice Talon láti tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe nílò ohùn 63 nínú 83 kí ilé tó lè gbà á yẹ̀ wò, 60 péré ló rí. Ohùn mẹ́ta ló dá a dúró! Ọdún 2019 ni àtúnṣe tó wọlé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ilé tún dìbò láti dá Sénat sílẹ̀, àti láti sọ sáà Ààrẹ àti ti aṣòfin di ọdún 7. Èyí kan àwa onímọ̀ èdè pẹ̀lú: «ilé aṣòfin» kò tó mọ́, a ní láti sọ èwo nínú méjèèjì.

Ti àwọn ará wa tó ń sọ Ifẹ̀ ní Atakpamé, ní Tógò, ló ṣòro jù. Láti ọdún 2024 ni òfin ìpìlẹ̀ wọn ti gbé àṣẹ ìṣèjọba kúrò lọ́wọ́ président de la République, ó sì gbé e fún président du Conseil, ẹni tí àwọn tó pọ̀ jù nílé aṣòfin ń tẹ̀ lé. Faure Gnassingbé ló bọ́ sí ipò kejì yìí ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, Jean-Lucien Savi de Tové sì di président de la République. Bí a bá pe Savi de Tové ní «Ààrẹ» tí a dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ wa yóò rò pé òun ló ń pàṣẹ. Bí a bá pe àwọn méjèèjì ní «Ààrẹ», a kò tíì sọ nǹkan kan. Àwa dábàá «Olórí Ìjọba» fún ti ìgbìmọ̀, kí «Ààrẹ» wà fún èkejì, kí a sì máa fi kún un, títí yóò fi mọ́ àwọn ènìyàn lára, pé ipò ọlá ni.